Aṣọ Àlejò Kì í Gun Okùn Wa

Ó ti rẹ̀ mí kí ó tó wọlé lọ́jọ́ náà. Aṣọ iléèwé ni mo ń rán láti àárọ̀, gbogbo rẹ̀ aláwọ̀ ewé, débi pé bí mo bá dijú, àwọ̀ ewé náà ni mo ń rí. Ọkùnrin kan wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, ó gbé báàgì ńlá kan dání, síìpù rẹ̀ ti já. Kí ó tó la ẹnu ni mo ti sọ fún un pé aránṣọ ni mí, n kì í ṣe onísíìpù.

Ó ní òun gbọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé báàgì lé itan, ló bá sùn lọ. Mo kọ́kọ́ fẹ́ jí i, ṣùgbọ́n èmi náà mọ bó ṣe ń rí tó bá rẹ ènìyàn. Mo rọra fa báàgì náà kúrò lórí itan rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún síìpù ṣe, èmi tí n kì í ṣe onísíìpù.

Bí mo ṣe ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ ni ọwọ́ mi kan omi. Aṣọ rẹ̀ mọ́, ó sì ká wọn dáadáa, àmọ́ gbogbo wọn ló tutù rinrin.

Nígbà tó jí, mo bi í léèrè. Ó ní awakọ̀ tírélà ni òun, ọ̀nà jíjìn ni òun ń rìn. Ibi tí òun bá ti rí omi ni òun ti ń fọṣọ, ṣùgbọ́n òun kì í dúró pẹ́ tó kí ó gbẹ.

"Mi ò rántí ìgbà tí mo wọ aṣọ tó gbẹ dáadáa mọ́," ló wí. Kì í ṣe pé ó ń wá àánú. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni.

Ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí okùn ìsáṣọ tó nà ní ẹ̀yìnkùlé wa, ó béèrè bóyá òun lè sá ẹ̀wù kan síbẹ̀. Mo ní rárá.

Kì í ṣe pé mo ya ahun. Òfin ilé wa ni. Láti ayé ìyá ìyá mi, aṣọ àlejò kì í gun okùn wa. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, màmá àgbà á wo okùn, ibẹ̀ ló ti ń mọ ẹni tó jẹ́ ti ilé. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá ti gun ún, wọ́n á bu oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀, wọn ò sì ní ti ìlẹ̀kùn kó tó dé. Lọ́jọ́ tí bàbá mi rìnrìn àjò, ẹ̀wù rẹ̀ kan kù lórí okùn. Ìyá mi ò mú un wọlé. Oòrùn jẹ ẹ́, òjò pa á, títí tó fi já wálẹ̀ fúnra rẹ̀, tí bàbá mi ò dé. Láti ìgbà náà ni ìyá mi kì í ti í fẹ́ràn ẹni tó bá gbé báàgì.

Bí mo ṣe sá aṣọ ọkùnrin yìí sórí àwọn àga mi lábẹ́ fáànù nìyẹn.

Ìgbàkigbà tí ọ̀nà bá gbé e kọjá, á yà. Mo máa ń bi í nípa àwọn ìlú tó dé, nítorí èmi ò rìn kọjá ibi tí mo ti ń ra òwú rí. Ó ti rí òkun, ó ti rí òkè, àmọ́ bí mo bá ní kó ròyìn, á ní títì ni òun rí. Èmi rò pé ìrìn ló ń jẹ́ ayé. Òun rò pé àga tó wà lábẹ́ fáànù mi ni. Abẹ́rẹ́ ló ń pè mí. "Abẹ́rẹ́ mi, o kú iṣẹ́." Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó rẹ̀ mí kọjá ẹni tó yẹ kó tún máa fẹ́ràn ènìyàn, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀.

Aláṣọ-Tútù ni ìyá mi ń pè é. Á ní Aláṣọ-Tútù ti dé o, kí n wá ibi tí àwọn oníbàárà máa jókòó sí.

Nígbà tó yá, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá rí ìyá mi, wọ́n wá tọrọ mi. Ìyá mi fún wọn lómi, ó gbọ́ wọn dópin, ó wá béèrè ìgbà tí ọkọ ìyàwó ń padà sọ́nà. Ó ní ọ̀la.

"Ọmọ mi, mi ò kórìíra ẹ," ni ìyá mi wí. "Ṣùgbọ́n mo ti wo ẹ̀wù kan lórí okùn títí ojú fi ro mí. Ọmọ mi ò ní wo òmíràn. Ọjọ́ tó o bá lè dúró kí aṣọ ẹ gbẹ, padà wá."

Mo sìn ín dé ìdí ọkọ̀. Ó bi mí bóyá ohun tí màmá wí ni èmi náà ń wí. Ẹkún ló ń gbọ̀n mí, mo fẹ́ sọ pé rárá, pé màá dúró dè é, pé màá tilẹ̀ bá a lọ. Ṣùgbọ́n orúnkún ìyá mi ò jẹ́ kó rìn dáadáa mọ́, èmi nìkan ló sì ní.

"Ó ti rẹ̀ mí láti máa kí ọ pé ó dàbọ̀," ni mo wí.

Ó mi orí, ó gun ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Kò yà mọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn parí, òjò bẹ̀rẹ̀. Mo ń ránṣọ. Àwọn àga mi gbẹ, kò sí ohun tó wà lórí wọn, ìyá mi ò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ti ibi òwú dé, mo bá báàgì rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Síìpù tí mo tún ṣe wà ní ṣíṣí, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ìyá mi ní ẹ̀yìnkùlé, mo sáré lọ síbẹ̀.

Ìyá mi ló wà lórí àpótí, pẹ̀lú orúnkún yẹn. Aláṣọ-Tútù fi ọwọ́ méjèèjì di àpótí náà mú, ó fi eyín di pẹ́ẹ̀gì aṣọ mú. Àwọn ẹ̀wù rẹ̀ tò lórí okùn wa, ojú ọ̀run sì ṣú dúdú.

Ìyá mi ò bojú wẹ̀yìn. Ó ní ó ti fi tírélà sílẹ̀, ọkọ̀ àwọn ọmọ iléèwé ló ń wà báyìí, ìyẹn àwọn ọmọ tó ń wọ aṣọ tí mò ń rán. Tó bá lọ láàárọ̀, ọ̀sán ló ń dé.

Mo ní, "Màmá, òjò ń bọ̀. Aṣọ yẹn ò ní gbẹ lónìí."

"Mo mọ̀. Lọ́la náà ò dájú." Ó na ọwọ́ sẹ́yìn fún pẹ́ẹ̀gì. "Bi ọkọ ẹ bóyá ó ń kánjú."

Ó yọ pẹ́ẹ̀gì kúrò lẹ́nu, ó fi lé ìyá mi lọ́wọ́, ó wá wò mí. Ó ní òun ò kánjú.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, òwú wà lọ́wọ́ mi. Ó rẹ̀ mí, àmọ́ ó rẹ̀ mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ délé. Òjò dé lóòótọ́. Ó rọ̀ títí ọ̀sẹ̀ náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, aṣọ náà ò gbẹ, kò sì sẹ́ni tó mú un wọlé.