Àbíkẹ́ Ọ̀kín

"Àbíkẹ́ mi! Àbíkẹ́ Ọ̀kín, ṣé o jí ire?"

Bí Ìyá Àgbà ṣe máa ń kí Moyọ̀sọ́rẹ nìyẹn láràárọ̀, ní abúlé wọn lẹ́yìn Moniya. Bó bá ti kúnlẹ̀, wọn a fọwọ́ pa á lórí, wọn a máa kì í títí. Tó bá wá kan Zubaidah, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ tó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, "Zubaidah, o jí?" lásán ni. Àlákíà, láàárín ìgboro, ni wọ́n bí Zubaidah sí, kò sẹ́ni tó rántí fún un ní oríkì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí àwọn méjèèjì jọ ń lọ ló gbé e wá sílé Ìyá Àgbà. Inú a sì máa bí i burúkú.

Ká tiẹ̀ ní ibi oríkì ló mọ, ì bá sàn. Moyọ̀sọ́rẹ ní péèjì lórí Fesibúùkù, níbi tó ti ń fi fídíò kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń gbin ẹ̀gẹ́. Àwọn tí kò mọ ewé ẹ̀gẹ́ yàtọ̀ sí ewé iṣu ń pè é ní ọ̀gá wa. Ta ló sì ń di fóònù mú tí wọ́n bá ń ya fídíò? Zubaidah ni. Oòrùn á pa á, eèrà á jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀. Ó ń jowú, ó jowú títí oúnjẹ ò fi wù ú jẹ mọ́.

Ìyáàfin Adébùsọ́lá, olùkọ́ kọ̀ǹpútà wọn, ti kìlọ̀ ní kíláàsì pé kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ tàbí ọjọ́ ìbí rẹ̀ ṣe páásíwọ́ọ̀dù. Moyọ̀sọ́rẹ rẹ́rìn-ín, ó ní ti òun kò sí nínú ìwé kankan. Etí Zubaidah gbọ́ ọ. Kí ló jẹ́ tirẹ̀ tí kò sí nínú ìwé? Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, lábẹ́ igi máńgòrò, ó tẹ oríkì yẹn síbi páásíwọ́ọ̀dù Moyọ̀sọ́rẹ lórí fóònù tirẹ̀. Péèjì ṣí gbayawu.

 Ó yẹ kó jáde, àbí? Kò jáde o. Ó kọ ọ́ síbẹ̀, lórúkọ Moyọ̀sọ́rẹ, pé àwọn tó ń wá ojúrere Ìyáàfin Adébùsọ́lá nìkan ni wọ́n ń fún ní máàkì.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti kárí. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pe Moyọ̀sọ́rẹ síwájú ìgbìmọ̀, wọ́n fẹ́ lé e kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Zubaidah ló bá a gbé báàgì lọ, ẹ gbọ́ òyájú. Moyọ̀sọ́rẹ sunkún, ó búra pé òun kọ́, wọn ò gbà á gbọ́. Ìyáàfin Adébùsọ́lá nìkan ni kò pariwo. Wọ́n rọra bi í pé kí ló fi ṣe páásíwọ́ọ̀dù.

"Oríkì mi ni, mà. Kò sí nínú ìwé."

"Ta ló ń kì ọ́?"

"Ìyá àgbà wa ni, mà. Láràárọ̀."

"Ta ló máa ń wà níbẹ̀?"

 Moyọ̀sọ́rẹ yíjú sí Zubaidah. Báàgì bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé e.

"Èmi ni, mà," ni Zubaidah wí, ó sì bú sẹ́kún.

Wọ́n dá Moyọ̀sọ́rẹ láre, wọ́n ní kí Zubaidah lọ fi ọdún kan jókòó sílé. Moyọ̀sọ́rẹ yí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ padà, ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà ò bú ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó di àárọ̀, àwọn méjèèjì kúnlẹ̀. Ìyá Àgbà fa Moyọ̀sọ́rẹ mọ́ra, wọ́n gbé ẹnu sí i létí, wọ́n sì kì í wúyẹ́wúyẹ́. Moyọ̀sọ́rẹ ní kí wọ́n ké e sókè, pé òun ti yí páásíwọ́ọ̀dù padà. Wọ́n ní rárá.

"Mi ò mọ̀ pé olè ń gbọ́ ọ."

Zubaidah wà lórí ìkúnlẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Oríkì tó ń bí i nínú tẹ́lẹ̀ ló wá ń wù ú gbọ́ báyìí. Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí gbogbo ilé ń gbọ́ kì í ṣe páásíwọ́ọ̀dù. Ohun tí ẹnu ẹnikẹ́ni ò pè rí ni kẹ́ ẹ lò. Owú yẹn ńkọ́? Ẹ tètè bá a wí, kó má baà sọ yín di olè láàárín àwọn ẹbí yín. Ìyá Àgbà yíjú sí Zubaidah wàyí.

"Zubaidah, o jí?"