Abọ́ Omi Ilé Adérógbà

Kò sí ẹni tí ó lè sọ ohun tí ó pa Ọpẹ́mipọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí ó sáré kiri àgbàlá ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ó ń ṣu omi. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó mọ́, ó ti dákẹ́. Nígbà tí ọjọ́ Àìkú yóò fi dé, ènìyàn mẹ́rin mìíràn ti dùbúlẹ̀ ní ilé Adérógbà ní àdúgbò Joju. Nínú gbogbo ará ilé, ẹnì kan ṣoṣo ni inú kò run: Màmá Àlàrí, tí ó ń gbé yàrá ẹ̀yìn.

Opó ni, kò sì bímọ. Ọdún méjìlélógún ni ó fi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ bisikíìtì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìyẹ̀fun láìfi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ọwọ́. Iṣẹ́ ti tán, àṣà náà kò tán. Ó lu ihò sí ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì kan ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó sì fi ìṣó dí i; bí ó bá yọ ọ́, omi a máa ṣàn sí ọwọ́ rẹ̀. Lékeléke kan a máa sọ̀ kalẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ láti mu omi tí ó bá ṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Kò ní àlejò mìíràn.

Abọ́ kan ṣoṣo ni àwọn ará ilé yòókù fi ń wẹwọ́ bí oúnjẹ bá délẹ̀. Ìrẹ́pọ̀ ni wọ́n kà á sí. Àgbà ni ó máa ń ṣáájú, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìsìnkú, wọ́n ní kí Yéwándé, ìyá olóògbé, kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, kí ó lè fi nǹkan kan ẹnu. Nígbà tí abọ́ náà kan Màmá Àlàrí, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ irú rẹ̀ lójú ìyá tí ń ṣọ̀fọ̀? Ó dìde, ó lọ sí ìdí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò kí i mọ́.

"Kí ni ó ń fọ̀ lọ́wọ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́?" Láńre, ará yàrá kẹta, gbé ohùn sókè kí Màmá Àlàrí lè gbọ́. "Àbí ẹ̀jẹ̀ ni? Ẹyẹ rẹ̀ mà ti dé o! Ẹ gbé ọmọ yín wọlé!"

Bàbá Adérógbà, onílé, wá dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò wọlé.

"Màmá, ilé yìí kò gbà yín mọ́. Kí ọjọ́ Ẹtì tó dé, ẹ kó ẹrù yín."

"Níbo ni kí n kó o lọ, Bàbá?"

"Ibi tí ẹ máa ń fò lọ."

Ó di ẹrù náà. Ìdì kan ṣoṣo ni.

Ní Ọjọ́rú, Nọ́ọ̀sì Bíọ́lá wá wo àwọn aláìsàn. Ó béèrè ẹni tí àìsàn náà kò mú. Gbogbo ìka nà sí yàrá ẹ̀yìn.

"Àjẹ́ kì í pa ara rẹ̀," ni Láńre wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi àjẹ́ sílẹ̀ ná. Kí ni Màmá yìí ń ṣe tí ẹ̀yin kì í ṣe?"

Nọ́ọ̀sì lọ sí ìdí kẹ́ẹ̀gì náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọ ìṣó, omi ṣàn. Ó padà sí àgbàlá, ó gbé abọ́ tí epo ọbẹ̀ àná ṣì léfòó nínú rẹ̀.

"Onígbáméjì ni. Ọwọ́ ẹni tí ó tọ́jú aláìsàn ni ó fi ń rìn. Bí ọwọ́ náà bá ti wọ inú abọ́ yìí, gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀ lé e ni yóò pín níbẹ̀."

Yéwándé tẹjú mọ́ abọ́ náà, lẹ́yìn náà ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Bàbá Adérógbà wúkọ́. "Màmá, ẹ tú ẹrù yín."

Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì dé, kẹ́ẹ̀gì oníhò ti wà ní ẹnu ọ̀nà gbogbo. Síbẹ̀, wọn kò kí i: ẹ̀rù ni ó kọ́kọ́ di ẹnu wọn, ìtìjú ni ó wá dì í báyìí. Lékeléke pàápàá kò wá mọ́; omi ti pọ̀ níbòmíràn.

Ní ìrọ̀lẹ́, òjìji kan bọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Yéwándé ni. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

"Màmá, ẹ ti mọ̀ ní ọjọ́ náà, àbí?"

Màmá Àlàrí yọ ìṣó, ó fi ọṣẹ lé e lọ́wọ́.

"Fọ àárín ìka náà dáadáa, ọmọ mi."