Àga Tí Wọn Kì Í Họ

Àga náà ń làágùn. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1994 ni, ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún náà, ó ń la ètè ènìyàn, ó sì ń la pákó sí méjì nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ajah. Gbogbo igi tó wà níbẹ̀ ló gbẹ, àfi èyí nìkan. Bí mo bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ṣe ló ń tutù bí iwájú orí ẹni tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀.

Akínọ̀ṣọ́ ló gbé e wá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í jẹ olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ láti etí ọ̀sà wa títí lọ sí ọ̀nà Lakowe, ó sì ti kọ́lé ńlá sí Lẹ́kí. Ó fẹ́ kí àga olórí ẹbí wà ní pálọ̀ ibẹ̀, kí àwọn tó ń wá ra ilẹ̀ lè mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé ni wọ́n kun àga náà, ọ̀dà ti gorí ọ̀dà títí ó fi nípọn bí èèpo igi.

"Bàbá Káfíńtà, ẹ bá mi họ gbogbo pàǹtírí yìí kúrò," ó wí. "Ìrókò ló wà nísàlẹ̀. Ẹ fi fáníṣì sí i kó dán, kí n lè máa rí ojú ara mi níbẹ̀."

"Bí ẹ bá rí i tí kò wù yín, ẹ má bá mi jà o," ni mo fèsì.

Ó rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì.

Sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ ni mo máa ń pò mọ́ sítáàṣì, kó lè lẹ̀ mọ́ igi. Màá fi kun ọ̀dà àtijọ́, màá fi í sílẹ̀ kó wú, màá sì fi irin pẹlẹbẹ họ ọ́. Àwọ̀ ewé kúrò, funfun wà lábẹ́ rẹ̀. Funfun kúrò, àwọ̀ aró yọjú. Ibẹ̀ ni mo ti dáwọ́ dúró, nítorí òórùn tó jáde kì í ṣe ti ọ̀dà. Òórùn ìsọ̀ ẹran ni, lọ́sàn-án gangan.

Ọjọ́ yẹn ni ọkùnrin kan wá jókòó sórí ìtì igi lẹ́nu ọ̀nà mi. Lójú, ọmọ tí mo lè bí ni. Ó we aṣọ mọ́ ọrùn bí ẹni tí òtútù ń mú. Mo rò pé ọ̀kan lára àwọn tó ń ru búlọ́ọ̀kù níbi ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́ọ̀ọ́kán ni.

"Ṣé o ti kan ara igi?" ó bi mí. Ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá.

Inú bí mi. "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ṣé èmi àti ìwọ jọ ń jẹ gúgúrú ni?"

"Mo jù ọ́ lọ, káfíńtà," ó wí. Kò rẹ́rìn-ín. "Máa họ ọ́."

Eṣinṣin ti kún ṣọ́ọ̀bù nígbà náà, kò sì sí ọ̀kan tó bà lé ọkùnrin náà.

Iṣẹ́ tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kì í fi í sílẹ̀ nítorí òórùn. Mo fi aṣọ di imú, mo ń họ lọ. Lọ́jọ́ kejì, mo dé ọ̀dà tó kẹ́yìn. Pupa ni. Kò fọ́ wẹ́wẹ́ bí ọ̀dà gbígbẹ. Ó ń lẹ̀ mọ́ irin mi bí ẹ̀dọ̀ màlúù. Nígbà tí mo họ ọ́ tán, mo rí ojú àdá lára ẹ̀yìn àga, ibi tí ọrùn ẹni tó bá jókòó máa wà gẹ́lẹ́. Ó wọnú ìrókò tó ìka kan.

Ẹnu iṣẹ́ náà ni mo wà tí Ìyá Àjíkẹ́ fi tẹ̀pá wọlé. Àbúrò bàbá Akínọ̀ṣọ́ ni, òun ló sì dàgbà jù nínú ẹbí wọn. Bó ti rí àga náà, ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló ní kí o họ ọ́?"

"Akínọ̀ṣọ́ ni, Ìyá."

"A kì í họ ọ́! Ṣe la máa ń kun ọ̀dà lé e!" Ó wò yíká, ó fa etí mi mọ́ra, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Àlejò ni babańlá wa níbí. Ọkùnrin kan ló gbà á sílé, tó fún un nílẹ̀ tí yóò fi dáko. Ọkùnrin náà jókòó sórí àga yìí, ó ń jẹun lọ́wọ́, ni babańlá wa bá gba ẹ̀yìn gé e lọ́rùn. Kí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ ni wọ́n ti fi ọ̀dà bò ó. Olórí ẹbí tó bá jẹ, ọ̀dà tuntun ló ń kùn, kí ẹni tó ni àga má baà dá a mọ̀. Ó ń wá a kiri, Káfíńtà. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá a."

Mo bojú wo ìtì igi. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Ìyá kò dúró gbọ́ tẹnu mi. Ó gbé agolo ọ̀dà dúdú mi, ó dà á sórí àga. Ọ̀dà náà yọ́ kúrò bí omi lórí ewé kókò. Ó tún dà á. Ó tún yọ́ kúrò.

Akínọ̀ṣọ́ wọlé bá wa nígbà náà, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá Àjíkẹ́! Ẹ tún ti gbé ìtàn ìjàpá yín dé?"

"Má jókòó síbẹ̀, ọmọ mi." Ó di etí agbádá rẹ̀ mú. "Mo fi ọmú tí mo fún ọ mu bẹ̀ ọ́."

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre!"

Ó tì í. Kì í ṣe títì eré. Orí Ìyá gbá etí tábìlì mi, awọ orí rẹ̀ là, ẹ̀jẹ̀ sì dà sí i lójú. Akínọ̀ṣọ́ rí i. Kò bẹ̀rẹ̀ láti gbé e. Ó jókòó sórí àga, ó na ẹsẹ̀ síwájú.

"Mo ti jókòó. Ta ló fẹ́ mú mi?"

Ọkùnrin náà ti wà lẹ́yìn rẹ̀. N kò rí ìgbà tó wọlé. Ó ń tú aṣọ ọrùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, nígbà tó sì tú u tán, mo rí i pé ọrùn náà yanu láti etí dé etí, egungun sì funfun nínú rẹ̀.

"Ìjókòó mi nìyẹn," ó wí.

Akínọ̀ṣọ́ gbé orí sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fá irùngbọ̀n fún. Kò sí àdá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ mo gbọ́ ìró àdá nígbà tó wọ ọrùn rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n gé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ lulẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ta dé páànù òkè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta ìdọ̀tí pákó káàkiri, orí rẹ̀ sì ń fì lára awọ díẹ̀ tó kù. Ìyá Àjíkẹ́ pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì tún mira mọ́.

Ọkùnrin náà ti òkú ṣubú. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé apá àga, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé ilé. Lẹ́yìn náà ló wá wo òrùlé mi, ó wo ògiri, ó wo ilẹ̀ tí mo dúró lé.

"Ṣọ́ọ̀bù rẹ dára, káfíńtà. Ta ló ta ilẹ̀ rẹ̀ fún ọ?"

Mo ya ẹnu láti purọ́. Orúkọ bàbá Akínọ̀ṣọ́ ló jáde.