Òkè Tí Kì Í Dáhùn

Ẹni tó bá fẹ́ kí ó gbà mí gbọ́, ẹni tí kò bá fẹ́ kí ó fi í sílẹ̀. Ojú mi ló ṣe, etí mi ló sì gbọ́ ọ. Mi ò mutí, mi ò sì í ṣe aríran. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, Barnawa ní Kaduna ni mo ń gbé, iṣẹ́ mi kò sì ju kí n jókòó sí ọ́fíìsì kí n máa fẹ́ atẹ́gùn sára nígbà tí kò bá sí iná.

Ọmọ kan ṣoṣo ni èmi àti Rẹ̀mílẹ́kún ìyàwó mi bí. Moyinọlá lorúkọ rẹ̀. Kaduna la bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n kò jẹ́ sọ ọ́. Bí o bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, Hausa ni yóò fi dá ọ lóhùn. Bí ìyá rẹ̀ bá pè é, á ní, "Na'am!" bí àwọn ọmọ Hausa ṣe máa ń jẹ́ ìpè. Ohun tó ń dun Rẹ̀mílẹ́kún jù láyé nìyẹn. Ìyá rẹ̀ tó wà ní Kabba kò sì jẹ́ kó sinmi. Gbogbo ìgbà tó bá ti pè wá lórí fóònù ló máa ń bèèrè pé, "Ṣé ọmọ tèmi ti ń sọ̀rọ̀?" bí ẹni pé odi ni ọmọ náà.

Ní ìsinmi Àjíǹde ọdún kan, kí ojú ọ̀nà Kajuru tó di ohun tí à ń bẹ̀rù nítorí ajínigbé, Ezra aládùúgbò wa ní ká wá gun òkè tó wà lẹ́yìn abúlé bàbá òun. Inú gbogbo wa dùn. A di ìrẹsì àti ẹran díndín sínú kúlà, a mú ẹní dání. Rẹ̀mílẹ́kún wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní ṣé òkè yìí fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ni. Ó ní kí n gbájú mọ́ ọkọ̀ tí mò ń wà.

Òkè náà kò le gùn. Òkúta ńlá ńlá ni, ó tẹ́jú láwọn ibì kan. Nígbà tí a dé ìdajì, a tẹ́ ẹní sábẹ́ igi kan, a jókòó. Moyinọlá kò jókòó. Ó ti rí i nínú tẹlifíṣọ̀n pé bí èèyàn bá kígbe lórí òkè, òkè á dá a lóhùn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu.

"Kaduna!"

Òkè dákẹ́.

Ezra rẹ́rìn-ín. "Ba ya amsawa," ló wí. Ó ní òkè àwọn kì í dáhùn, láti kékeré lòun ti ń gbìyànjú. Gbogbo wa bá ọmọ náà kígbe. Kò sí nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni mo ṣàkíyèsí pé kò sí ẹyẹ tó ń ké níbẹ̀.

Nígbà tí a jẹun tán, Moyinọlá rí alángbá olórí pupa kan. Ó lé e lọ sẹ́yìn òkúta ńlá kan. A ń gbọ́ bàtà rẹ̀ lórí òkúta. Lẹ́yìn náà a kò gbọ́ ọ mọ́.

"Moyinọlá!" ni ìyá rẹ̀ pè.

"Mò ń bọ̀, ìyá mi."

Rẹ̀mílẹ́kún sọ ṣíbí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́. "Bàbá Moyin, ẹ gbọ́ ọmọ mi! Ẹ gbọ́ ọ!"

Mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ òmíràn pẹ̀lú. Ó ti òkè réré wá, ohùn tín-ín-rín kan.

"Na'am, Mummy!"

"Gbohùngbohùn," ni mo wí.

Ezra gbójú sókè wo òkè náà. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Moyinọlá sì yọ láti ẹ̀yìn òkúta, ó ń rìn jẹ́jẹ́, ó wá kúnlẹ̀ kó àwo tí a fi jẹun. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ronú jù. Ó di ìgbà tí a délé kó tó sọ sí mi lọ́kàn pé gbohùngbohùn kì í ṣe ògbufọ̀.

Láti ọjọ́ náà lọ, Yorùbá ni. Láàárọ̀ á kúnlẹ̀. "Ẹ kú àárọ̀, bàbá mi. Ṣé ẹ jí ire?" Ó bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ lórí fóònù títí káàdì fi tán. Inú ìyá àgbà dùn, ó súre títí. Nígbà tó tún pè, tí èmi gbé fóònù, ó béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ta ló kọ́ ọ ní oríkì mi?" Mo ní ìyàwó mi ni. Ìyàwó mi ní òun kò mọ oríkì kankan.

Orin Hausa tí Moyinọlá máa ń kọ nínú balùwẹ̀ dáwọ́ dúró. Omi nìkan là ń gbọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Zakiyyah ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sí ẹnu géètì wa. Inú rẹ̀ ń dùn, ó ń da Hausa sílẹ̀ bí òjò. Moyinọlá dúró, ó ń wò ó lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi.

"Bàbá mi, kí ló ń wí?"

Zakiyyah sún mọ́ ọn. Ó wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ó fà sẹ́yìn. "Ba ita ba ce," ló wí fún mi, pé kì í ṣe Moyinọlá nìyí. Ó bú sẹ́kún, ó sáré lọ. Kò wá sílé wa mọ́.

Mo sọ ọ́ fún Rẹ̀mílẹ́kún. Ó bínú sí mi gan-an.

"Ohun tí mo torí rẹ̀ ń gbààwẹ̀ ni ẹ wá ń bẹ̀rù?"

 Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ, mo bá a nínú ilé ìdáná. Ó pe ọmọ náà. Ọmọ náà jẹ́ ẹ láti inú òkùnkùn pálọ̀, "Mò ń bọ̀, ìyá mi." Rẹ̀mílẹ́kún di etí ìkòkò mú, kò gbé e kúrò lórí iná.

"Mo fẹ́ gbọ́ Na'am yẹn," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀kan péré. Bàbá Moyin, ẹ padà síbẹ̀."

Mo padà síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Mo mú Moyinọlá dání. Ezra bá wa lọ, ṣùgbọ́n ó ní òun á dúró ti ọkọ̀ nísàlẹ̀. Èmi àti ọmọ náà gòkè dé ibi tí a tẹ́ ẹní sí. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ mi. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ọwọ́ ọmọ ṣe máa ń rí.

Mo pè é. "Moyinọlá!"

"Mo wà níbí, bàbá mi," ló wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Lẹ́yìn náà, lókè: "Na'am, Daddy!"

 Ohùn ọmọ mi ni. Mo ju ọwọ́ èyí sílẹ̀, mo sáré gòkè dé góńgó. Òkúta ni mo bá. Mo yí i ká. Bí mo bá lọ sí ọ̀tún, òsì ni ohùn náà á ti wá. "Daddy, na gaji," pé ó ti rẹ òun. "Daddy, jira ni," pé kí n dúró de òun. Mo pè é títí ohùn mi fi há. Mo sunkún. Oòrùn ń wọ̀.

Ọmọ náà ti wá bá mi. Ó tún di ọwọ́ mi mú.

"Gbohùngbohùn lásán ni, bàbá mi. Ẹ jẹ́ ká lọ. Ìyá mi ń retí wa."

Mo wo ojú rẹ̀. Àpá tó wà létí ojú rẹ̀ láti kékeré wà níbẹ̀. Mo bá a lọ.

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni ohùn náà ń tẹ̀ lé wa. Mo ń gbọ́ bàtà lórí òkúta lẹ́yìn wa. Mi ò wẹ̀yìn.

Ezra dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ń wo òkè. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó bi mí ní Hausa pé, ta ni mo fi sílẹ̀ lókè tó ń sunkún bẹ́ẹ̀?

Moyinọlá kò gbọ́ ọ. Ó ń wo ẹnu mi, ó ń dúró kí n túmọ̀ rẹ̀ fún òun.

"Ó ní ká kú àbọ̀," ni mo wí.

Ó kúnlẹ̀ lórí iyanrìn. "Ẹ ṣé, sà," ló wí fún Ezra. Mo ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún un, ó wọlé, mo sì tì í.