Usu Kì í Ṣe Uṣu

Ìkẹ́olúwa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ kan di ilẹ̀kùn mú, ó fi èkejì di fóònù mú. Bàbá Kuroda, onílé wọn, wà níta nínú òtútù, ó ń tẹrí ba, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ojú ọmọbìnrin náà kò kúrò lára fídíò tó ń wò.

"Hai, hai," ló ń dá bàbá náà lóhùn ṣáá, èyí tó túmọ̀ sí "Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbọ́."

Bí bàbá arúgbó náà ti lọ tán, Màmá yọjú láti ilé ìdáná. "Kí ni Bàbá onílé wí?"

Ó ti di ọdún méjì tí wọ́n ti Ọ̀mù-Èkìtì wá sí àdúgbò kékeré yìí, lẹ́yìn ìlú Tókíò, níbi tí bàbá wọn ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀. Èdè Jàpáàn kò tíì yọ̀ lẹ́nu Màmá. Ìkẹ́olúwa, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ni ògbufọ̀ ilé, ó sì máa ń fi èdè yìí yangàn. Ṣùgbọ́n lónìí, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló kù sí i létí: ọ̀la, omi, àti usu.

Usu kẹ̀? Ní Ọ̀mù, uṣu ni ìyá àgbà ń pe iṣu. Lọ́la, ọjọ́ Sátidé, sì ni àwọn ará àdúgbò ń bọ̀ wá pé jọ sí ẹ̀yìnkùlé wọn láti gún mochi, ìrẹsì gígún tí wọ́n fi ń ṣe ọdún tuntun. Ó yẹ kí Ìkẹ́olúwa sáré tẹ̀ lé bàbá náà, kó tún un béèrè. Ìgbéraga kò jẹ́.

"Ó ní ká se iṣu fún àpèjọ ọ̀la," ló wí.

"Iṣu!" Màmá pàtẹ́wọ́. "Olúwa ṣeun o! Àṣé àwọn èèyàn yìí mọ oúnjẹ!"

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Màmá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Áfíríkà, ó sì gbé iṣu mẹ́rin bọ̀, tòun ti ẹ̀yìn tó ń ro ó.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, bí iṣu ti ń hó lórí iná, Ìkẹ́olúwa àti àbúrò rẹ̀, Mobọ́lá, lọ kó àga nínú ahéré ẹ̀yìnkùlé. Ohun ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ bò, pẹ̀lú korobá òfìfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn: "Usu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọ omi kún un mọ́jú."

Ìkẹ́olúwa ṣí aṣọ náà. Odó ni! Odó onígi ràbàtà, tó ti dúdú fún ọjọ́ orí, tó sì gbẹ bí egungun. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ àná padà sí i lọ́kàn: Bàbá Kuroda ń gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, kò ní lè dé kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí odó náà kò bá mu omi mọ́jú, yóò sán bí wọ́n bá ti gún nǹkan nínú rẹ̀.

Mobọ́lá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní èdè wọn ti yọ̀ lẹ́nu yín!" Ìgbà tó rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀rín kú. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ rọ omi sí i kíá. Tó bá ti tutù, ta ni yóò mọ̀?"

Ìkẹ́olúwa bu omi kún korobá. Ó gbé e sókè. Bí ó bá dà á, ìtìjú kò ní bá a. Ṣùgbọ́n odó yóò sán lójú gbogbo àdúgbò, bàbá tó fi ilé fún wọn nígbà tí àwọn onílé mìíràn kò gba àlejò yóò sì máa rò pé odó rẹ̀ ló ti gbó. Ó rántí bí ìyá àgbà ṣe máa ń gbàdúrà láràárọ̀: "Olúwa, má jẹ́ kí a pa irọ́ tí a ó tún máa bọ́." Ó gbé korobá sílẹ̀.

Bàbá Kuroda ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni. Ìkẹ́olúwa kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ lórí òkúta wẹẹrẹ, ohun tí kò ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti dé ìlú yìí.

"Bàbá, n kò rọ omi sí odó yín. N kò fetí sílẹ̀ lánàá, mo sì díbọ́n pé mo gbọ́."

Bàbá náà wọ inú ahéré, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan inú odó bí ẹni ń wo ibà lára ọmọ.

"Bàbá mi ló gbẹ́ ẹ," ló wí níkẹyìn. "Ká ní o dákẹ́ ni, mo ti pàdánù rẹ̀ lónìí. O ṣeun tí o sọ. Ṣùgbọ́n kí lo rò pé mo wí?"

Ìkẹ́olúwa ṣàlàyé pé lẹ́nu ìyá àgbà òun, uṣu ni oúnjẹ tí wọ́n ń gún nínú odó. Bàbá Kuroda wò ó sùn-ùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀ nu. "Ẹ fẹ́ se odó mi jẹ!"

Nígbà tí Ìkẹ́olúwa jẹ́wọ́ fún Màmá, òun kò rẹ́rìn-ín rárá. "Èmi tí ẹ̀yìn ń ro láti àná! Gbé fóònù yẹn wá. Ó di oṣù tó ń bọ̀."

Wọ́n rọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kún odó, wọ́n sì sún gígún sí ìrọ̀lẹ́. Obìnrin kan bínú padà sílé. Àwọn yòókù dúró nínú òtútù, ebi ń pa àwọn ọmọ wọn. Ni Màmá bá gbé iṣu gbígbóná jáde, pẹ̀lú ẹyin díndín. Kí a tó ṣẹ́jú, ìkòkò ti ṣófo.

Nírọ̀lẹ́, Bàbá Kuroda gbé òòlù onígi sókè. Ìkẹ́olúwa pa ojú dé. Gbì! Odó kò sán. Gbì! Kò sán. Ọmọbìnrin náà mí kanlẹ̀. "Olúwa, mo dúpẹ́!"

"Ẹ gbé e fún mi," ni Màmá wí, ó sì ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. "A kì í fi odó han ọmọ Èkìtì kó máa wòran."

Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣú Ìkẹ́olúwa lójú, kò tijú mọ́ láti sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ." Ẹ̀yin ọ̀dọ́, abéèrè kì í ṣìnà. Bí ẹ bá sì ti ṣìnà ná, ẹ tètè jẹ́wọ́, nítorí òtítọ́ tó tètè dé ni kì í jẹ́ kí odó sán.