Ẹni Tó Nu Tíkà Àbúrò Rẹ̀ Kúrò

Ọjọ́ tí páànù tuntun kọ́kọ́ dán lórí ilé Pásáńgì, kò sẹ́ni tó lè gbójú sókè lábúlé wa. Oòrùn bà á, ó ta sí wa lójú bí ọ̀bẹ. Pásáńgì tó yá bàtà lọ síbi ìsìnkú bàbá rẹ̀ ló wá ń gun alùpùpù tuntun. Dómà àbúrò rẹ̀ obìnrin la ò rí mọ́. Wọ́n ní ó ń ránṣọ nílùú ńlá. A ò bèèrè lẹ́ẹ̀mejì. Pásáńgì pa ewúrẹ́, a jẹ ẹran, a nu ẹnu wa. Ẹran náà ò tíì dà nínú wa títí dòní.

Kásáńgì, ọmọ opó tó wà lẹ́bàá odò, ò lè gbé ẹran tirẹ̀ mì. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Òrùlé ìyá rẹ̀ ń jò.

"Ọ̀rẹ́, ibo lo ti rí i?"

"Èwo? Ẹran àbí páànù?"

"Má fi mí ṣẹ̀sín."

Pásáńgì wo ẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí eku ń lé sáré. Ṣé o lè wọ abẹ́ ọlọ Rídà?"

Rídà ni bóńbò wa, adáhunṣe tó ń lé ibà kúrò lára àwọn ọmọ wa. Òun ló ni ilé ọlọ tí omi ń yí. Lábẹ́ pákó ilẹ̀ rẹ̀, níbi tí kẹ̀kẹ́ tí omi fi ń yí ọlọ wà, òkùnkùn ni lọ́sàn-án gangan.

Ọ̀sán gangan náà ni Kásáńgì wọ ibẹ̀. Ìyẹ̀fun tó ti kan àti ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ ló ń rùn. Lókè orí rẹ̀, ọlọ ń lọ, gìrìrì, gìrìrì. Ó fọwọ́ kan ògiri, ó kan irun. Irun obìnrin ni, dídì, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òwú pupa lẹ́sẹ̀. Ọ̀kan ní ìlẹ̀kẹ̀ aró nídìí. Ó mọ ìlẹ̀kẹ̀ náà. Ti Dómà ni.

Ó yẹ kó sá. Kò sá. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn, àwọn tó kù wulẹ̀ tẹ̀ lé e ni.

"O ti rí i," ohùn kan wí nínú òkùnkùn. "Ẹni tó bá rí i tí kò sá, tèmi ni."

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ lọ́wọ́ mi?"

"Èmi? Èmi ò fẹ́ nǹkan kan. Ìwọ lo fẹ́ páànù. Àbúrò rẹ obìnrin ńkọ́? Yóò fi tíkà, àwọ̀ àdúrà yín, sí ọ níwájú orí lọ́dún yìí?"

"Yóò fi sí mi."

"Tó bá ti fi sí i tán, fi ẹ̀jẹ̀ ìka rẹ nù ún kúrò, kí àdúrà rẹ̀ má bàa dì ọ́ mú. Kó o mú un dé ẹnu ibodè. Obìnrin kan ń dúró lódìkejì afárá. Fà á lé e lọ́wọ́. Kó o tó délé, owó ti délé."

Rídà gbá àtàǹpàkò Kásáńgì mú, ó fi ọ̀bẹ là á.

"Omi tó bá gba abẹ́ ọlọ kì í padà sókè! Àgbàdo tó bá wọ ẹnu ọlọ kì í hù mọ́! Ọmọ tó bá kọjá odò, kó má bojú wẹ̀yìn!"

Ẹ̀jẹ̀ kán sómi. Ọlọ dúró. Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà, ọmọbìnrin kan sunkún létí Kásáńgì. Kò sí ọmọbìnrin kankan níbẹ̀.

Ọjọ́ tíkà pé, ọdún tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Súntálì àbúrò Kásáńgì, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó lórí ẹní. Ó fi òróró àti omi yí i ká kí ikú má lè ré ìlà náà kọjá wá bá a. Ó fi àwọ̀ méje kùn ún níwájú orí. Kásáńgì náà fi sí àbúrò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, Súntálì gbé àsálà sẹ́nu ọ̀nà, ó mú òkúta.

"Ẹni tó bá ń wá ibi fún ẹ̀gbọ́n mi, orí rẹ̀ ni mo fọ́ yìí!"

Pàú! Agbárí Kásáńgì dùn ún wọ eyín.

Lọ́dọ̀ wa, a kì í nu tíkà. A máa ń fi í sílẹ̀ títí yóò fi jábọ́ fúnra rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Kásáńgì bọ́ sẹ́yìn ilé ewúrẹ́, ó tú ojú ọgbẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀, ó fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nu tíkà náà kúrò. Awọ iwájú orí rẹ̀ bá a lọ bí awọ fẹ́lẹ́ tó ń dì lójú wàrà gbígbóná. Ó fa fìlà bò ó.

"Iṣẹ́ aránṣọ ni mo rí fún ọ," ó sọ fún Súntálì.

Nínú bọ́ọ̀sì, ọmọ náà ń fi í ṣeré. "Ẹ̀gbọ́n, fìlà yìí náà lẹ fi sùn lánàá. Àbí ẹ ti ń pá lórí?"

"Òtútù ni."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá àgbà." Ó fi àgbàdo yíyan lé e lọ́wọ́. "Ẹ má jẹ gbogbo rẹ̀ o. Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ọ̀nà, ẹ̀yin nìkan lẹ ó máa dá bọ̀."

Àgbàdo náà korò lẹ́nu rẹ̀.

Lẹ́nu ibodè, àwọn ìyá kan jókòó nínú àtíbàbà oparun. Ẹgbẹ́ Ìyá Ojú Ọ̀nà là ń pè wọ́n. Àwọn kan nínú wọn, wọ́n ti tà wọ́n rí kí wọ́n tó bọ́. Kò sí ọkùnrin tó ń mú ọmọbìnrin kọjá tí wọn ò ní dá dúró. Wọ́n ti wá abúlé wa rí, wọ́n ṣeré fún wa lórí pápá nípa àwọn tó ń ta ọmọbìnrin, Kásáńgì sì súfèé fi wọ́n ṣẹ̀sín. Yánjì, olórí wọn, ń tiro. Ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀.

"Kí lorúkọ ewúrẹ́ yín?"

"Kálì," Súntálì wí níhìn-ín.

"Kálì," Kásáńgì wí lọ́hùn-ún.

Ohun gbogbo ṣe déédéé. Ẹlòmíì á purọ́ pé àbúrò òun ni, irọ́ á sì já. Ti Kásáńgì ò lè já. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni lóòótọ́.

"Ẹ máa lọ," Yánjì wí. Wọ́n ti gbé ẹsẹ̀ kan sórí afárá. Àfi bó ṣe tún wo iwájú orí Súntálì. "Ẹ dúró! Tíkà tí o fi sí àbúrò rẹ ṣì wà lórí rẹ̀. Èyí tó fi sí ọ dà?"

"Ó... ó ti jábọ́, Ìyá."

"Lọ́jọ́ mẹ́ta? Ṣí fìlà."

"Òtútù ń—"

"Mo ní o ṣí fìlà!"

Ó ṣí i. Ilà méje là gbàràgà níwájú orí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ṣàn wọ ojú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n! Ta ló nù ún?"

Kásáńgì la ẹnu láti purọ́. Ìyẹ̀fun tútù ló tú jáde, ó ń tú bíi ti ẹnu ọlọ, ó fẹ́ fún un pa. Ìgbà tó jẹ́wọ́ ló tó rí èémí mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Yánjì kó àwọn ìyá àti ọlọ́pàá wá, àwa ará abúlé tẹ̀ lé wọn. Rídà rí wa, ó sá wọ abẹ́ ọlọ. Omi ti gbẹ lójú ọ̀nà rẹ̀, síbẹ̀ ọlọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ìyẹ̀fun pupa ló ń jáde, ó ní eyín nínú.

Yánjì já irun ògiri wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bèèrè, "Ta ló ni èyí?" Àwa tó jẹ ẹran la dáhùn. Orúkọ wọ̀nyẹn ló fi ń wá àwọn ọmọbìnrin náà kiri. Ó rí Dómà lọ́dún kejì. Ó rí àwọn mẹ́rin míì. Mọ́kànlá ló wà lára ògiri.

Kásáńgì ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́jọ. Ọjọ́ tíkà ló padà wálé. Ilà méje náà ò tíì jiná. Súntálì tó ti di ọ̀kan lára àwọn ìyá inú àtíbàbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kò bú u. Ó gbé àsálà kan sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fi òkúta lé e lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ fọ́ ọ lọ́dún yìí. Ẹ̀yin lẹ mọ orí ẹni tó jẹ́."

Kásáńgì gbé òkúta sókè. Gbogbo wa ń wò ó.

Títí oòrùn fi wọ̀, kò lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀.