Ohun tí Ògúnjìnmí so mọ́ táyà

Ayọ̀ ló wà níparí ìtàn yìí, ẹ̀yin èèyàn mi, ṣùgbọ́n inú ìtìjú la ó gbà débẹ̀.

Ògúnjìnmí ará Àpòmù ń fi mọ́tò kó èrò lọ sí Ìbàdàn, nígbà tí ọ̀dà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ojú ọ̀nà wa. Eré sísá ni ìgbéraga rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Ẹfúnkẹ́ tó ń ta dòdò létí ọ̀nà ní Ìkirè sọ fún un pé, "Ọmọ mi, rọra máa sáré o."

Ọjọ́ náà gan-an ni sítíárìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá rọra lọ, kò ní gbọ̀n. Tó bá ti tẹ eré, á máa gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe.

Ló bá padà wá na ìka sí ìyá níṣojú gbogbo èrò. "Ẹ̀yin lẹ fi ẹnu yín ba mọ́tò mi jẹ́."

"Èmi kẹ̀? Dòdò ni mò ń tà, n kò ta ibà."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba àwọn tó kù. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ra dòdò lọ́wọ́ ìyá mọ́; bí wọ́n ṣe gbé e wá ni wọ́n ń gbé e padà lọ sílé.

Kò pẹ́, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sí afárá Aṣèjìrè, sítíárìn gbọ̀n já mọ́ ọn lọ́wọ́, ọkọ̀ wọ oko kòkó. Ọlọ́run ṣàánú, ẹnikẹ́ni ò kú.

Obadiah, dírẹ́bà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti gba Jésù, bá wọn níbẹ̀.

"Tó o bá tẹ bíréèkì, ṣé ó ń gbọ̀n?"

"Rárá. Àfi tí mo bá sáré."

"Táyà iwájú ni ká wò nígbà náà."

Ó fi jáàkì gbé e sókè, ó yí i. Nígbà tí táyà dúró, ẹ̀gbẹ́ kan wà nísàlẹ̀. Ó tún yí i, ẹ̀gbẹ́ yẹn náà ló tún wá sílẹ̀. "Nǹkan kan ló mú kí ẹ̀gbẹ́ yìí wúwo ju ìyókù lọ." Ó ki ọwọ́ sẹ́yìn irin táyà, ó sì tú oògùn kan jáde, awọ ni wọ́n fi rán an, òjé kún inú rẹ̀, wáyà ni wọ́n fi dè é.

"Ta ló so èyí?"

"Mi ò mọ̀ o."

Èrò kan ní, "Àbí Ìyá Ẹfúnkẹ́ ló wọ abẹ́ mọ́tò lọ so ó?"

Ògúnjìnmí ò lè gbójú sókè mọ́. "Èmi ni. Mo so ó kí n má bàa ní jàǹbá."

Obadiah ò fi í ṣẹ̀sín. "Ọ̀rẹ́ mi, ohun tó o ní kó gbà ọ́ ló fẹ́ pa ọ́ yìí. Ẹ̀ṣẹ̀ ọkàn rẹ tún wúwo ju òjé lọ. Jésù nìkan ló lè tú u."

Orí ewé kòkó ni Ògúnjìnmí kúnlẹ̀ sí, ó sunkún, ó fi ara rẹ̀ fún Jésù. Ṣùgbọ́n ó ku Ìkirè.

Ojú ibi tó ti na ìka náà ló dọ̀bálẹ̀ sí. "Ìyá, irọ́ ni mo pa mọ́ yín. Oògùn tèmi ló ń gbọn mọ́tò mi."

Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ̀rù ikú rẹ ló bà mí tí mo fi ní kó o rọra. Dìde, erùpẹ̀ ti kún irùngbọ̀n rẹ."

Wọ́n bu dòdò fún un. Níṣojú gbogbo èrò ló ti jẹ ẹ́, omijé ń bọ́ sínú ewé. Ẹlòmíràn náà bá na ọwọ́, ó ra. Orin Ògúnjìnmí nìyí:

Mo so ó mọ́ra, ó wúwo,
Jésù tú u, ara mi fúyẹ́,
Ẹ bá mi jó, ara mi fúyẹ́.

Ìwọ tó ń kà á, ta ni ìwọ ń na ìka sí? Kí lo dè sẹ́yìn ibi tójú ò tó, tó o ní o ò mọ̀? Afárá ò jìnnà mọ́. Jẹ́ kí Jésù ki ọwọ́ bọ ibẹ̀ lónìí, kó tó di pé o dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.